Èsì tí mo kà lówùúrọ̀ yìí
Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ìwádìí àrùn ẹ̀dọ̀ àti ìfun, àmọ́ irú èsì yìí kò tíì sú mi. Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn tí bàbá kan tí mo ń tọ́jú lo oògùn tán, kò sí kòkòrò hepatitis C, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà.

"Dókítà, ṣé ó ti lọ pátápátá?"

"Ó ti lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ti dá àpá sí ẹ̀dọ̀ yín, a ó ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà."

Ojú wa rí màbo nígbà tó jẹ́ abẹ́rẹ́ interferon la fi ń wo àrùn yìí! Abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ 48: ibà, ara ríro, irun jíjá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọ̀pọ̀ ló sì jìyà náà lásán. Lónìí, oògùn oníhóró ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo iye tó lé ní 95 sàn nínú 100.

Hepatitis B, kòkòrò ẹ̀dọ̀ mìíràn, ló ṣì ń bá wa fà á. Oògùn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Òun ni mo padà lọ bá ní yàrá ìwádìí lọ́sàn-án.