Kí ẹ tó bi wọ́n nípa owó, ẹ bi wọ́n nípa oorun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí níbi iṣẹ́, ẹ kú oríire. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yíyá àwọn oníṣòwò lówó ní Àkúrẹ́, ọdún méje nínú rẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe olórí àwọn tó ń lọ gba owó lọ́jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnì kan ló jẹ ìyà rẹ̀ kí n tó kọ́ ọ.

Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń ṣèpàdé. Èmi ni mo máa ń ka iye tí oníkálukú gbà wọlé sókè ketekete, kí ojú lè ti ẹni tí tirẹ̀ bá kéré. Àbúrò wa obìnrin kan ló ń mójú tó Ọjà Ọba nígbà náà. Ó mọṣẹ́ gan-an. Bí àwọn aláta bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á ti máa ka owó sílẹ̀ dè é. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, ó ń kọ orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé, òun tó máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀. Ní ìpàdé ọjọ́ kan, mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní bí iṣẹ́ bá ti sú u, àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ìgboro. Kò fèsì. Ó ń fi èékánná ṣí etí ìwé ìgbowó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí igun rẹ̀ fi já sí i lọ́wọ́. Mo rí i. Mo sì ka orúkọ ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo padà sí ọ́fíìsì lálẹ́ lọ mú fóònù tí mo gbàgbé. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó jókòó sínú òkùnkùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tíì relé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo délé náà, mi ò ní sùn." Kọ́sítọ́mà mẹ́ta ló ti kó gbèsè sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ wa sì ti ń yọ owó wọn nínú owó oṣù rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Kó lè rí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ san, ó yá owó lórí fóònù. Àwọn tó yá a lówó yẹn náà ti wá ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ pé oní gbájúẹ̀ ni.

Mo ní kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kó mọ́kàn le. Títí di òní, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ń dùn mí. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, ọwọ́ wa ni wọ́n fi ń yọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ ò lè gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ ru èèyàn, kí ẹ tún máa kọ́ ọ ní ìfaradà.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ló là mí lójú. Ó ní lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní burnout: wọn ò kà á sí àìsàn, wọ́n ní inú wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ lára èèyàn, tí a kò bójú tó, ló ti ń wá. Àmì mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ: okun á tán lára ẹni náà, iṣẹ́ á kúrò lọ́kàn rẹ̀, á sì máa wò ó pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti rí lára àbúrò wa, tí mo sọ ọ́ lórúkọ ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ṣòro jù fún àwa Yorùbá. Bí ẹ bá bi èèyàn wa pé "Ṣé dáadáa ni?", "A dúpẹ́" ni yóò fi dá yín lóhùn, bí ilé tilẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tí "a dúpẹ́" kò lè dáhùn ni kí ẹ máa bi wọ́n. Aago mélòó lo sùn lánàá? Kí lo jẹ lọ́sàn-án? Ẹ má pe wọ́n wá síwájú tábìlì o. Èmi máa ń bá wọn rìn láti ọ́fíìsì dé ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ní Alágbàká, ká ra bọ̀ọ̀lì, ká máa jẹ ẹ́ lọ. Ó máa ń rọrùn fún èèyàn láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá jọ ń wo iwájú. Bí ẹ bá ti béèrè, ẹ dákẹ́. Ohun tó bá sì sọ, ẹ má gbé e lọ síbi àdúrà àárọ̀ ọ́fíìsì.

Bí ọkàn ẹni náà bá ti rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó fẹ́ràn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ó ti kọjá ohun tí ẹ lè dá ṣe. Ẹ bá a wá dókítà. Bó bá ní ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Ẹ má sì jẹ́ kó dá wà lọ́jọ́ náà.

Mánéjà wa fẹ́ kí àbúrò wa lọ jókòó sílé láìgba owó oṣù títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Mo rán an létí Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta. Láti 1954 ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa lọ gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì padà sáàrin èèyàn. Bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ bá lè máa gba ìwòsàn láàrin èèyàn, kí ló dé tí a ó fi lé ẹni tí gbèsè kò jẹ́ kó sùn?

Mánéjà gbà pé kí àbúrò wa máa ṣiṣẹ́ ìwé nínú ọ́fíìsì fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló padà sọ́jà. Ìsìnkàn la fún un, kì í ṣe Ọjà Ọba. A kò ka iye owó sókè ní ìpàdé mọ́, ìwé kékeré ni mo ń fún oníkálukú. Ti yíyọ gbèsè kọ́sítọ́mà nínú owó oṣù ló gba wàhálà: oṣù márùn-ún ni mo fi ń kọ lẹ́tà kí wọ́n tó fòpin sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti yọ nínú owó oṣù àbúrò wa, kò tíì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún kọ lẹ́tà mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá.