Ọdún tí mo fi wo òkúta iyanrìn Lọ́kọ́jà

Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé lọ́dún yìí, òkúta iyanrìn ló gba àsìkò mi jù. Àwọn ará ilé ní Kàbà ṣì ń bi mí bóyá góòlù ni mò ń wá. Góòlù wà lápá Ìsánlú o, ibi tí èmi ń lọ kọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Kàbà sí Lọ́kọ́jà, àpáta líle ni yóò máa rí, òmíràn nínú wọn ti tó bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Bó bá ku díẹ̀ kó dé, iyanrìn tó di òkúta á gorí àpáta náà, èyí tí kò tó mílíọ̀nù 85 ọdún. Falconer, onímọ̀ ilẹ̀ kan, pè é ní Lokoja Series ní 1911; Lokoja Formation la ń pè é báyìí (Formation ni ìpele òkúta tó dá yàtọ̀, tó sì ní orúkọ tirẹ̀). Patti Formation ló gùn ún lé, òkúta onírin Àgbájà sì wà lókè pátápátá. Inú mi dùn pé ìlú àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wa wọ ìwé onímọ̀ ilẹ̀.

Orúkọ ibi tó ti hàn dáadáa la fi ń sọ òkúta lórúkọ. N kò lè fi orúkọ ìyá mi sọ ọ́, bó ti wù kí n fẹ́ràn rẹ̀ tó. A tún gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ojú ibi kan tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò, kí òkúta náà sì ṣeé yà sórí máàpù.

Àpèjúwe gan-an ló niṣẹ́. Ìròyìn tó bá kàn kọ “òkúta iyanrìn pupa” máa ń bí mi nínú: níbo nìyẹn ò sí? Òjò àti oòrùn máa ń pa àwọ̀ òkúta dà, nítorí náà ẹ fi òòlù là á kí ẹ tó kọ àwọ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀ Lokoja Formation, òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ló dàpọ̀, ńlá pẹ̀lú kékeré, etí wọn kò dán. Fẹ́ldísípà, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di àpáta líle, wà níbẹ̀, òmíràn ti di amọ̀ funfun tí èékánná ń họ. Fẹ́ldísípà kì í pẹ́ fọ́ lójú omi, ó túmọ̀ sí pé omi kò gbé e jìnnà. Àwọn ìlà tó dagun nínú òkúta iyanrìn náà ló ń sọ ibi tí omi kọrí sí.

Ohun tó kù kí n wò ni ààlà Lokoja Formation àti Patti Formation, koríko bò ó. Bí wọ́n bá ti sungbó tán lóṣù Ṣẹ́rẹ́, mò ń padà gun Òkè Patti.