Àga Clissett: ìdábùú ti gbẹ, ẹsẹ̀ ṣì tutù

Ibi tí iṣẹ́ dé: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró, gbogbo ìdábùú, ìyẹn àwọn igi tó so ẹsẹ̀ pọ̀, ti wọlé. Ẹ̀yìn àti ojú ìjókòó ló kù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, irú àga tí Philip Clissett ń ṣe ní abúlé Bosbury, ní Herefordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń ṣe. Wọ́n bí bàbá náà ní 1817, ó kú ní 1913. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ ló fi ń yí igi: okùn wé mọ́ igi náà, ẹsẹ̀ á fà á wálẹ̀, ọ̀pá tó ń tẹ̀ lókè á fà á padà.

Igi ash tútù, igi líle kan tó ń hù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo lò. Lílà ni wọ́n ń là á, wọn kì í fi ayùn rẹ́ ẹ, kí iṣan igi má bàa gé. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń gbé àgbàlagbà. Ọ̀bẹ eléèkù méjì ni mo fi fá a. Àrùn tó ń pa igi ash, tí wọ́n rí ní Bìrìtìkó ní 2012, ti ba púpọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ yẹ ìtì yín wò dáadáa kí ẹ tó là á. Èyí tó ti ń gbẹ lórí ìdúró máa ń ṣẹ́.

Oríkèé ni ọgbọ́n wà. Mo ti kọ́kọ́ sá ìdábùú sí ibi tó móoru títí wọ́n fi gbẹ kanrinkanrin. Ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ ṣì ní omi lára. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń gbẹ, ihò á máa fún, ìdábùú á sì máa mu omi ara ẹsẹ̀, á wú. Ìṣó kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo ń fi òòlù onígi gbá wọn wọlé, ìró rẹ̀ ń dún "kọ́, kọ́", àfi bó ṣe di "kì" lẹ́ẹ̀kan náà: orí ìdábùú ti kan ìdí ihò. Mo di ìdábùú kan ṣoṣo mú, mo fi gbé gbogbo àga sókè, mo mì ín. Kò yẹ̀.

Ní 1890, Ernest Gimson, ayàwòrán ilé, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Clissett fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa iṣẹ́ náà lé Edward Gardiner lọ́wọ́. Neville Neal di ọmọ iṣẹ́ Gardiner ní 1939, Lawrence, ọmọ Neal, sì kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn tó ń ta àga àtijọ́ ṣe ń pariwo Gimson, tí wọ́n sì ń dárúkọ Clissett bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti ṣà á. Gimson tún bátànì ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?

Pákó ẹ̀yìn ló kàn. Mà á fi ooru omi rọ̀ wọ́n, mà á tẹ̀ wọ́n, mà á so wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi gbẹ. Koríko odò tí a fi ń hun ojú ìjókòó ti wà nílẹ̀. Yóò sùn sínú omi, lẹ́yìn náà ni mà á fi aṣọ tútù bò ó kí n tó máa lọ́ ọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ti ń bẹ̀rẹ̀, àárín la ń parí sí. Ẹni tó bá ti hun ún rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ki koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń hun ún lọ, àbí ó di ìgbà tí ẹ bá parí?