Ajá mẹ́ta

"Owó tó lè ra ajá tuntun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi yọ ilé ọmọ ajá kan ṣoṣo."

Ẹnu Màmá ìsàlẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀. Oníbàárà wọn kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, wọn ò mọ̀ pé mo wà nítòsí. Wọn ò fi ìkà sọ ọ́ rárá. Ohùn tí wọ́n fi ń ṣírò owó gààrí náà ni. Bóyá ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ti òní ò pọ̀: wọ́n ya àwòrán ikùn Tanímọ̀la, ajá mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko lórí dríìpù.

Ajá mẹ́ta. Ìṣirò yẹn péye, mi ò lè jiyàn rẹ̀.

Ọyún ló kún ilé ọmọ rẹ̀ fọ́fọ́. Abo ajá tó ti dàgbà, tí wọn ò yọ ilé ọmọ rẹ̀, ló sábà máa ń ṣe, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tó bá wá akọ tán. Omi ni yóò kọ́kọ́ máa mu láìdáwọ́ dúró, yóò máa tọ̀ ṣáá, oúnjẹ ò ní wù ú, yóò wá máa bì. Bí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí, ọyún á máa jáde lábẹ́, èèyàn á rí i. Bó bá pa dé bíi ti Tanímọ̀la, ikùn nìkan ló ń wú, ó sì lè bẹ́ sínú. Àwọn kan á ní ká gún un lábẹ́rẹ́, ká wò ó títí oṣù á fi parí. Abẹ́rẹ́ kì í sábà fa ọyún tó ti sé mọ́nú gbẹ. Yíyọ ni.

Ọ̀bẹ nìkan sì kọ́ là ń sanwó fún. Ajá tó ti ń bì, tí májèlé ti ń da kíndìnrín rẹ̀ láàmú, bí wọ́n bá fún un lóògùn oorun láìkọ́kọ́ fa omi sí i lára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lórí tábìlì. Oògùn oorun náà, bí ajá bá ṣe wúwo tó ni. Kílò 27 ni tiwa. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wá jẹ́ 24, bẹ́ẹ̀ ti ajá tó lera kì í sábà wálẹ̀ ju 37 lọ. Ọwọ́ eégbọn wà níbẹ̀. Dókítà ní bó bá lọ sísàlẹ̀ 20, àfi ká wá ajá tó máa fún un lẹ́jẹ̀, alára líle, tó ju kílò 25 lọ. Owó mìíràn tún nìyẹn.

Nígbà míì mo máa ń rò pé òótọ́ ni Màmá ń sọ. Owó ilé ń bọ̀. Àwọn èèyàn wà tí wọn ò rówó gbé ọmọ tí wọ́n bí lọ sọ́sípítù... Inú á sì tún bí mi. Ajá mẹ́ta wo?

Ohun tó ṣeé dín kù ò pọ̀. Ìbòrí ọrùn tí kì í jẹ́ kí ajá lá ojú aránpọ̀ ṣeé ṣe nílé: rọ́bà ìpọnmi kékeré, ká gé ìdí rẹ̀ kó lè wọ orí, ká fi àkísà ká ibi tí a gé kó má baà bó o lọ́rùn. Ọjọ́ 10 sí 14 ló máa lò ó, títí wọ́n á fi tú okùn. Oògùn ìrora ni kò ṣeé fi tilé rọ́pò. Ibuprofen tí àwa ń lò ń dá egbò sí ajá níkùn, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ìdajì owó ni wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó gbé e wọlé lọ́la. Alájọ ní òun á bá ẹni tó ni oṣù yìí sọ̀rọ̀, bóyá á gbà ká pààrọ̀. Kò tíì pè. Mo ti bá ìyàwó àbúrò mi sọ̀rọ̀ nípa akọ ajá wọn. Kílò 31 ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì pé. Ó ní àwọn á mú un wá, bí PCV bá já.