Àgùàlà: ó mọ́lẹ̀ lókè, iná ló wà nísàlẹ̀

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, bí Àgùàlà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, bá yọ nírọ̀lẹ́, ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ wò. Kì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ọyẹ́ máa ń ba ìran náà jẹ́ nígbà mìíràn.

Ilẹ̀ Àgùàlà gbóná tó 465°C, òjé á yọ́. Afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù (CO₂), tó kó ìdá 96 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ni kò jẹ́ kí ooru jáde, ó sì ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 90 ti afẹ́fẹ́ ayé wa. Nítorí náà, Venera 13, ọkọ̀ òfuurufú aláìlénìyàn ti Sófíẹ́tì, tó balẹ̀ síbẹ̀ ní 1982, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 127 péré. Ti Venera 14 ló pani lẹ́rìn-ín jù: apá tí ìbá wọn bí ilẹ̀ ṣe le tó, orí ọmọrí kámẹ́rà rẹ̀ tó já bọ́ ló balẹ̀ sí!