Ìrù ọ̀rọ̀ Látìn ní èdè Tsẹ́kì àti èdè Látfíà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíṣe àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní oríṣiríṣi èdè, ẹ má jẹ́ kí ojú yín dúró sórí orúkọ tó wà lókè nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ìrù ọ̀rọ̀, ìyẹn ìparí rẹ̀ bíi -us tàbí -um, ni kí ẹ máa wò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Virus ló là mí lójú. Májèlé ni wọ́n ń fi pè ní Látìn. Ní 1898, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Martinus Beijerinck lò ó fún ohun tó ń ba ewé tábà jẹ́, tó sì ń gba inú asẹ́ tó há kòkòrò yòókù mọ́ kọjá. Èdè Tsẹ́kì àti èdè Látfíà yá ọ̀rọ̀ yìí lò, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ṣe é bó ṣe wù ú.

Tsẹ́kì máa ń gé ìrù rẹ̀. Virus ni tó bá jẹ́ òun ló ń ṣe nǹkan. Tí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀, ó di viru. Tó bá pọ̀, viry. Tí a bá fi ṣe nǹkan, virem. Cirkus, ìyẹn sákọ́ọ̀sì, kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, cirkusu ló ń dà, -us rẹ̀ kì í kúrò. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ẹ wo Internetová jazyková příručka, tí àwọn onímọ̀ èdè Tsẹ́kì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Látfíà ní tirẹ̀ kò gé nǹkan kan. Ó gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́ tẹsẹ̀, ó wá fi s tirẹ̀ lé e: vīruss, vīrusa, vīrusi. S méjì yẹn kì í ṣe àṣìtẹ̀ o! Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò kó lè jọ ti Látìn ti kọ vīrus, bẹ́ẹ̀ vīrs ni ọkùnrin tàbí ọkọ ìyàwó, vīrus sì ni àwọn ọkùnrin tí a ṣe nǹkan sí. Oògùn tó yẹ kó pa fáírọ́ọ̀sì á wá di èyí tó ń pa ọkùnrin.

Àmì orí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní Tsẹ́kì, viru ti fáírọ́ọ̀sì kọ́ ni víru, tó lè jẹ́ ìgbàgbọ́ tàbí omi tó ń yí po bíríbírí. Àwa tí a mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́ kò yẹ kó jẹ́ àwa la ó máa gbé ẹ̀rọ tó ń fọ àmì dànù kalẹ̀ fún èdè ẹlòmíràn.

Láti 2004 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin lórí àrùn ẹran ọ̀sìn sì ń jáde ní èdè méjèèjì. Ibi tó dára láti wá gbólóhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ virus nìkan lẹ fi wá a ní Tsẹ́kì, gbogbo ibi tí viru, virů àti virech wà ló máa fo yín. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀ náà jọ. Tēzaurs, ìwé atúmọ̀ èdè Látfíà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ lò fún Látfíà.

Ẹ má sì rò pé Látfíà kì í gé ìrù rárá. Vakuum, ìyẹn òfìfo tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, di vakuums, -um rẹ̀ kò kúrò, nígbà tí Tsẹ́kì ń sọ vakua. Ṣùgbọ́n radium, irin kan tó ń tan ìtànṣán, di rādijs. Mo fẹ́ràn radium gan-an, torí òkúta Jáchymov, ní ilẹ̀ Tsẹ́kì òde òní, ni Marie àti Pierre Curie ti rí i ní 1898. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ìrísí méjì-méjì fún èdè kọ̀ọ̀kan: radium, radia ní Tsẹ́kì; rādijs, rādija ní Látfíà.