Nagant àtijọ́ tó le: ẹ fura sí gírísì kẹ́ ẹ tó fura sí sípírìn

Bí ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ bá le, tí hámà (irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbá ọta) ń wọ́ tàbí tí àgbá ọta (irin róbótó tí ọta ń wọ̀) kò yí, kì í sábà jẹ́ pé ó bàjẹ́. Nídìí Nagant M1895 tí mo ní nílùú Houston níbí ni mo ti kọ́ ọ: gírísì tí wọ́n fi pa á mọ́ lẹ́yìn ogun ló máa ń dì sínú rẹ̀.

(Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, ẹ wádìí òfin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn kankan. Nílé ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá.)

Líle méjì ló wà, ti àbínibí àti ti ìdọ̀tí, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Léon Nagant, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe ìbọn yìí, Rọ́ṣíà sì gbà á fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1895. Ọta 7 ló ń gbà. Bí ẹ bá ń fa hámà rẹ̀, àgbá ọta kì í kàn yí lásán, ó tún máa ń sún síwájú lọ lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá ìbọn, kí èéfín má baà ráyè jáde láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fa tírígà láìkọ́kọ́ fa hámà, ìka kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Bó ṣe le láti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn, kò sí epo tó lè wò ó.

Líle àbínibí yìí kì í gán láàárín, bákan náà ló sì máa ń rí ní ihò méjèèje. Ti ìdọ̀tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á gán, á tú sílẹ̀, á tún gán. Ó máa ń burú láàárọ̀ tí òtútù bá mú, á sì dẹ̀ tí ìbọn bá móoru. Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń gán, ẹ wo etí ihò yẹn dáadáa, ó lè ti dógùn-ún.

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀ pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi fáìlì ha sípírìn yìí kó lè rọ̀.” Mo ní kó gbé fáìlì sílẹ̀. Sípírìn ńlá Nagant, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ po ni. Tẹ́ ẹ bá ha á, hámà lè má lágbára tó láti yin ọta mọ́. Mo ní kó fa hámà, kó rọra dá a padà, kó tú tírígà sílẹ̀, kó wo àgbá. Ó ní ó lọ síwájú, kò padà wá. Ọ̀rọ̀ bùṣe! Ìdọ̀tí ni.

Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọta lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ yẹ ihò méjèèje wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Bí àgbá bá há débi pé ẹ ò rí gbogbo ihò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ọ̀pá tín-ín-rín tó ń ti kòròfo ọta jáde wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Ẹ yí orí rẹ̀, ẹ fà á síwájú, ẹ yẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún, ẹ ó ráyè fa ọ̀pá tí àgbá ń yí lé lórí. Ibẹ̀ gan-an ni gírísì ti máa ń mú jù. Ẹ má ki púláyà bọ̀ ọ́, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kẹrosíìnì díẹ̀ ni mo kán sí tèmi, mo fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Oòrùn Texas náà ń ṣiṣẹ́: ẹ fi bébà wé irin náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ gbé e síta nínú oṣù kẹjọ, gírísì á máa ṣàn fúnra rẹ̀. Igi ìdìmú nìkan ni kẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀.

Tí àgbá bá ti jáde, inú ihò àárín rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Sípírìn kékeré kan àti búṣìn (irin oníhò kékeré) rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ló ń ti àgbá padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kẹrosíìnì fọ tèmi, ohun tó jáde pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń fà bí oje igi. Mo fọ̀ ọ́ títí kẹrosíìnì fi mọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì fi epo ìbọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Ẹ má da epo sí i lọ́pọ̀ o, ẹ̀tù tó jóná á kàn tún lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Ṣúkúrù kan ló mú ìdérí ẹ̀gbẹ́ òsì. Tó bá jẹ́ hámà nìkan ló ṣì ń wọ́, ẹ tú u pẹ̀lú sikirudíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá a mu pẹ́kípẹ́kí, kẹ́ ẹ fi èèkù igi rọra gbá ara ìbọn títí ìdérí á fi dìde. Ẹ má fi irin họ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá tò ó padà, láìsí ọta nínú rẹ̀, ẹ fa hámà, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò dá a padà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tú tírígà sílẹ̀. Àgbá gbọ́dọ̀ sún padà fúnra rẹ̀. Tí kò bá sún lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀ yìí, sípírìn kékeré yẹn ló ti rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àgbá bá ń mì lẹ́yìn tí hámà ti dúró sókè, tàbí tí ihò rẹ̀ kò bá ọ̀pá ìbọn mu, ẹ má yìn ín títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á fi wò ó.